Láti Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn sí Ìdí Ìwé Ilé-iṣẹ́: Ọ̀rọ̀ fún Gúúsù Èkìtì

  

Kíláàkì lọ́yà ni mí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn agbẹjọ́rò tó jẹ́ pé ẹjọ́ ọ̀daràn ni wọ́n ń gbà rò: olè jíjà, jìbìtì, ìjà tó fa ẹ̀jẹ̀, ìpànìyàn. Èmi ni mò ń gbé fáìlì, èmi ni mò ń lọ dúró ní téṣàn nítorí béèlì, èmi ni mò ń wá onídùúró kiri, èmi náà ni mò ń jókòó ti ẹlẹ́rìí kó tó wọ inú àpótí ẹ̀rí. Lónìí, ìwé kọ́ńpìnnì ni mò ń tọ́jú. Àwọn tó mọ̀ mí tẹ́lẹ̀ máa ń bi mí pé, ṣé ó ti rẹ̀ mí ni? Àwọn mìíràn ní owó ni mo lé lọ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí owó. Ohun tí mo wá sọ níwájú yín ni pé iṣẹ́ méjèèjì tan mọ́ra ju bí a ti rò lọ. Lára àwọn ẹ̀sùn ọ̀daràn tó ń dé iwájú adájọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Emùré, àwọn kan wà tó jẹ́ pé òwò tí a dá láìkọ ìwé ló bí wọn. Ẹni tó ti rí òpin irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé ẹjọ́ ló yẹ kó jókòó ti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà àti àwọn tó ń ṣe é

Paralegal ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òfin lábẹ́ agbẹjọ́rò, tí òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe agbẹjọ́rò. Irú wa ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Nígbà tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ilé ẹjọ́ wọn ní 1876, àwọn agbẹjọ́rò tó gboyè kò tó nǹkan. Wọ́n gbà kí àwọn tó mọ̀wé díẹ̀, tí wọ́n sì ní òye òfin Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ láti máa gbẹjọ́ rò. Christopher Sapara Williams, tó ṣe èkíní nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí láti di agbẹjọ́rò, 1879 ló gboyè ní London. Ní òkè níhìn-ín, láti 1914 ni òfin kò ti jẹ́ kí agbẹjọ́rò fẹsẹ̀ kan àwọn kóòtù ìgbèríko tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀. Ó di 1933 kí wọ́n tó yí i padà. Láàrin ìgbà náà, akọ̀wé lẹ́tà ni aráàlú ń sá tọ̀. Òun ló ń bá wọn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ajẹ́lẹ̀, òun ló ń ka èsì fún wọn.

Lónìí, òfin Legal Aid ti 2011 mọ̀ wá, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ìwé àṣẹ fún ẹni tó bá gba ẹ̀kọ́ paralegal. Ṣùgbọ́n òfin àwọn agbẹjọ́rò náà pa ààlà: ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò kò gbọ́dọ̀ gba owó lórúkọ ara rẹ̀ láti kọ ìwé ilẹ̀, ìwé ogún, tàbí ìwé tó ń lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ bọ́ sídìí iṣẹ́ yìí, ẹ kọ ààlà yẹn sí àyà. Ẹni tó bá fò ó kọjá ti sọ ara rẹ̀ di oníbàárà ẹ̀ka tí mo ti kúrò.

Àwọn wo ló ń ti ìdí ẹjọ́ ọ̀daràn bọ́ sídìí ìwé ilé-iṣẹ́? Àwọn kíláàkì bí èmi wà níbẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tó ń pẹjọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọlọ́pàá tí kò kàwé òfin ló ń dúró pẹjọ́ ní kóòtù májísíréètì. Òfin ìdájọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ACJA 2015, àti òfin ọlọ́pàá ti 2020, ti ń ti iṣẹ́ náà sí ọwọ́ àwọn agbẹjọ́rò. Òṣìṣẹ́ tó ti mọ bí a ti ń to ẹ̀rí, tí ìfẹ̀yìntì dé bá, ṣé ilé ni yóò jókòó sí? Ẹ̀ka kẹta wà lókè òkun. Àwọn ọmọ wa tó jẹ́ agbẹjọ́rò nílé, tí wọ́n ń gbẹjọ́ ọ̀daràn rò ní Adó tàbí Àkúrẹ́, tí wọ́n dé London, iṣẹ́ paralegal ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ ń rí ṣe, títí wọn yóò fi yege nínú ìdánwò agbẹjọ́rò, SQE, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún ní 2021. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí wọ́n gbé wá láti ilé ẹjọ́ ni wọ́n fi ń yọrí.

Ewé ìwé kan

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ kan bí ó ṣe máa ń rí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Láti 1986 tí ìjọba ti tú àjọ tó ń ra kòkó ká, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ló lè ra kòkó. Bàbá kan ní ìlú kó owó fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kó lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní oko Ìsẹ̀ àti ti Emùré, kó ra kòkó wá. Wọ́n ya ewé kan nínú ìwé ọmọ iléèwé, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé, "Mo gba owó lọ́wọ́ Bàbá, ọ̀rọ̀ kòkó." Ó fi ọwọ́ sí i. Kò sí ọjọ́ lórí rẹ̀, kò sí iye àpò, kò sí iye owó tọ́ọ̀nù kan, kò sí ẹlẹ́rìí.

Owó kòkó yí padà kí oṣù tó parí. Kòkó tó dé kò tó ti owó tó lọ. Bàbá gba téṣàn lọ, ó ní ọmọ náà jalè. Wọ́n ti í mọ́lé, wọ́n kọ ẹ̀sùn olè àti jìbìtì sí i lọ́rùn. Ó dé kóòtù, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ gbé ewé ìwé náà sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi Bàbá léèrè. Bàbá, ṣé ẹ yá a lówó ni? Àbí ẹ sanwó kòkó sílẹ̀? Àbí ẹ̀yin méjèèjì jọ ń ṣòwò ni, tí ẹ óò jọ pín èrè? Bí òwò bá pa èrè, ta ló ni ín? Bí ó bá jẹ gbèsè, ta ló ni ín? Bàbá dáhùn bákan ní òwúrọ̀, ó dáhùn bákan mìíràn ní ọ̀sán.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin mọ ibi tí èyí ń lọ. Òfin ẹ̀rí ti 2011 sọ pé kí a tó dá ènìyàn lẹ́bi ọ̀daràn, ẹ̀rí náà gbọ́dọ̀ kọjá gbogbo iyèméjì tó bọ́gbọ́n mu. Bí owó yíyá bá ni, gbèsè ni. Bí àjọṣe bá ni, àdánù ni. Olè nìkan ni ẹ̀sùn náà nílò, ewé ìwé yẹn kò sì lè sọ ọ́. Ọmọ náà yóò lọ lómìnira lẹ́yìn ìgbà tó ti sùn sí àhámọ́. Bàbá kò ní rí owó rẹ̀ gbà. Ìdílé méjèèjì kò ní kí ara wọn mọ́, nítorí a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́.

Òfin ọlọ́pàá ti 2020, ní abala 32, kò fi igbá kan bọ̀kan nínú: a kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. ACJA 2015 ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Síbẹ̀ téṣàn la kọ́kọ́ ń sáré lọ, nítorí pé ìwé tó yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ di gbèsè gidi kò sí. À ń wá ọlọ́pàá kó wá ṣe iṣẹ́ tí bírò kò ṣe. Ewu rẹ̀ kò sì kéré. Òfin jìbìtì ti 2006 fi ọdún 7 ṣe ẹ̀wọ̀n tó kéré jù, kò sì sí owó ìtanràn dípò rẹ̀. Ojú ewé méjì tí a kọ dáadáa kí owó tó kúrò lọ́wọ́ Bàbá ì bá gba ènìyàn méjì là.

Ta ló ni ín, ta ló láṣẹ?

Ìbéèrè méjì tí ẹjọ́ ọ̀daràn kọ́ mi, tí mò ń gbé lọ síbi gbogbo, nìwọ̀nyí: ta ló ni nǹkan, ta ló sì láṣẹ láti fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́? Ìtàn ìlú wa níhìn-ín lè bá wa là á yé ara wa. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tó ń ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló gbẹ́ àwọn òpó àti ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Ní 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn kan nínú wọn lọ sí ìpàtẹ ńlá tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní London. British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Ó gbà pé kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n bá ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ìlẹ̀kùn mìíràn dípò. Ìlẹ̀kùn náà wà ní London di òní.

Ọba náà mọ ohun tó ń ṣe. Pàṣípààrọ̀ yàtọ̀ sí títà, ó yàtọ̀ sí fífi ta lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ojú kíláàkì wò ó. Ṣé ohun ìní ọba ni, àbí ti ààfin? Bí ti ààfin bá ni, àwọn wo ló yẹ kó jókòó kó tó kúrò nílé? Ìtẹ́ tó dé padà, ta ló ni ín, ọba tó gbà á ni àbí oyè? Gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí náà ni a ń bi nígbà tí olùdarí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ ta ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ fi owó rà.

Ní 1896, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ ọkùnrin oníbàtà kan tó ń jẹ́ Aron Salomon. Ó sọ òwò rẹ̀ di kọ́ńpìnnì, àwọn tó ní ìpín nínú rẹ̀ sì jẹ́ òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ márùn-ún. Nígbà tí òwò wó, àwọn tó jẹ lówó ní òun àti kọ́ńpìnnì ọ̀kan náà ni. Ilé ẹjọ́ ní ó tì o: bí kọ́ńpìnnì bá ti ní ìwé ìforúkọsílẹ̀, ẹni ọ̀tọ̀ ni lójú òfin. Òfin ilé-iṣẹ́ wa níhìn-ín, CAMA 2020, dúró lórí ìpìlẹ̀ yẹn. Ìdí nìyí tí olùdarí fi lè jẹ́jọ́ olè lórí owó kọ́ńpìnnì tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Mo ti rí i tí ẹni bẹ́ẹ̀ ń sunkún pé, "Owó mi ni mo kó!" Lójú òfin, owó ẹlòmíràn ló kó. Ẹni tó bá ti dúró ti irú olùjẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀ rí kò ní jẹ́ kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ san owó ìsìnkú ìyá rẹ̀ láti inú àkáǹtì ilé-iṣẹ́ láìkọ ìwé ìpinnu kan sílẹ̀.

Ní ìdí tábìlì

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ? Ẹnì kan fẹ́ ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan, ó ní kí agbẹjọ́rò mi bá òun wádìí. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àjọ CAC, tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀: orúkọ ta ni wọ́n kọ bí olùdarí, mélòó ni ìpín, ta ló ni wọ́n, ṣé báńkì kan ti gba ohun ìní ilé-iṣẹ́ náà dúró? Lẹ́yìn náà, mo gba ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, mo kà á gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ka ìwé tí ọlọ́pàá gbà sílẹ̀ lẹ́nu afurasí.

Mo rí ìwé ìpàdé kan lọ́dún kan. Ó mọ́ rekete. Olùdarí méjì ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé ìpín ọ̀kan nínú wọn fún ẹnì kẹta. Orúkọ ọ̀kan nínú àwọn olùdarí náà ò ṣàjèjì sí mi, nítorí pé mo ti rí i lára pósítà ìkéde òkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo padà lọ ka pósítà náà. Ọjọ́ tí bàbá náà kú ṣáájú ọjọ́ ìpàdé. Òkú ló jókòó, òkú ló gbé ìpinnu kalẹ̀, òkú ló tún buwọ́ lù ú. Ìwé náà kì bá ti ṣe ọmọ iléèwé òfin ní nǹkan kan, nítorí gbogbo gbólóhùn rẹ̀ ló gún régé. Ilé ẹjọ́ ọ̀daràn ló kọ́ mi láti máa fi ọjọ́ wé ọjọ́, kí n máa béèrè ibi tí ènìyàn wà nígbà tí wọ́n ní ó ṣe nǹkan. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Iṣẹ́ kíláàkì ni láti wádìí èyí tí inú ń run kí oníbàárà tó sanwó.

Ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti yapa

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín pé ohun gbogbo tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló wúlò. Ohun kan wà tí mo ní láti kọ́ ní ìdàkejì: bí a ti ń lo ìdákẹ́.

Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ìdákẹ́ jẹ́ ààbò. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 1999, ní abala 36, sọ pé aláìlẹ́bi ni afurasí títí a ó fi dá a lẹ́bi, kò sì sí ẹni tó lè fi ipá mú olùjẹ́jọ́ jẹ́rìí nínú ẹjọ́ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún ẹni tí wọ́n bá mú ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́ ná, lọ́yà ń bọ̀." Ìjọba ló ní láti wá ẹ̀rí, ìwọ kò jẹ ẹ́ ní àlàyé kankan.

Ní ìdí ìwé ilé-iṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni ìdákẹ́. Òfin CAMA ní kí o sọ̀rọ̀, kí o sì sọ ọ́ lásìkò. Ìwé àbọ̀ ọdọọdún gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ CAC láàrin ọjọ́ 42 lẹ́yìn ìpàdé gbogbogbòò. Bí báńkì bá gba ohun ìní ilé-iṣẹ́ dúró, ọjọ́ 90 lo ní láti fi í hàn nínú ìwé àjọ náà. Ẹni tó bá ní agbára pàtàkì lórí ilé-iṣẹ́, ìbáà ṣe ìdá 5 nínú 100 ìpín, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ mọ̀ láàrin ọjọ́ 7, kí ilé-iṣẹ́ sì sọ fún CAC láàrin oṣù kan. Ìtanràn ń dúró de ẹni tó bá pẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí kò sì fọhùn rárá fún ọdún púpọ̀, wọ́n lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Ìyàtọ̀ yìí ló ń rú àwọn ará wa lójú. A ti gbọ́ pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ jù níwájú ìjọba ń fa wàhálà, a wá ń bá CAC lò bí ẹni ń bá ọlọ́pàá lò. Òfin CAMA yìí ò tilẹ̀ le tó ti àtijọ́. Láti 2020, ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ kékeré kò sì ní láti yan akọ̀wé dandan. Ṣùgbọ́n pé a kò fipá mú ọ yan akọ̀wé kò sọ pé kí ìwé rẹ má wà létò. Ilé epo kan, ilé pákó kan, iléèwé aládàáni kan, bí olówó rẹ̀ bá kú lónìí, ìwé ìpín ni yóò sọ fún opó àti àwọn ọmọ ohun tó jẹ́ tiwọn. Bí ìwé náà kò bá sí, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òkú yóò dé, kọ́kọ́rọ́ yóò pààrọ̀ ọwọ́ ní òru, ẹnì kan yóò sì ní kí wọ́n ti ẹnì kan mọ́lé. Bí ọ̀ràn ìdílé ṣe ń di fáìlì ọlọ́pàá nìyẹn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún

Ìkẹ́rẹ́ kò ṣàìní agbẹjọ́rò ńlá. Ọmọ ìlú yìí ni Olóyè Wọlé Ọlánípẹ̀kun, tó ti gba oyè àgbà agbẹjọ́rò, SAN, láti 1991, tó sì ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà láti 2002 sí 2004. A ń fi wọ́n yangàn, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n oníṣòwò kòkó ní Ìsẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Emùré, obìnrin tó ń ta bẹ́líìtì àti bàtà ní Ọjà Ọba, SAN kọ́ ni wọ́n nílò lójoojúmọ́. Ẹni tó lè bá wọn to ìwé ni wọ́n nílò, lábẹ́ agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́, ní owó tí ọwọ́ wọn ká.

Nítorí náà, ẹ̀yin agbẹjọ́rò, kíláàkì yín kì í ṣe ẹni tí ẹ ó kàn máa rán lọ ra omi. Ẹ kọ́ ọ ní CAMA. Ẹ jẹ́ kó mọ bí wọ́n ti ń lo ojú ìwé CAC lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí owó oṣù rẹ̀ sì tó ohun tí yóò mú un jókòó. Ẹ̀yin aláṣẹ Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà níhìn-ín, tó di yunifásítì ní 2020, ẹ fi ẹ̀kọ́ ìwé ilé-iṣẹ́ kún ohun tí ẹ ń kọ́ àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òwò, kí ọmọ tó bá jáde lè kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé tí adájọ́ yóò gbà wọlé. Ẹ̀yin ọlọ́pàá apẹjọ́ àti akọ̀wé kóòtù tó ń múra ìfẹ̀yìntì, ẹ má gbé ọgbọ́n yín sọnù. Ojú tó ti rí irọ́ fún ogún ọdún níye lórí.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin ni mo fi parí. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé yíyá ni, ṣé ìsanwó sílẹ̀ ni, àbí àjọṣe ni. Ẹ kọ iye rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ óò ṣe bí owó ọjà bá yí padà, kí ẹlẹ́rìí méjì buwọ́ lù ú. Bí òwò náà bá tóbi, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì máa fi àbọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Àtikékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ wá rí wa nígbà tí ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín ṣì ń rẹ́rìn-ín sí ara yín. Nígbà yẹn ni iṣẹ́ wa wúlò jù, nígbà yẹn náà ni owó rẹ̀ kéré jù.